Nọ́ńbà Tí Ò Lórúkọ Nínú Kóòdù: Ọ̀rọ̀ Tí Mo Bá Àwọn Ọ̀dọ́ Tó Ń Kọ Kóòdù Sọ L'Ábẹ́òkúta

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo kí ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ fi ilé sílẹ̀ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ Sátidé, mo kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́ ẹ wá láti FUNAAB àti MAPOLY, mo kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọkọ̀ láti Láfẹ́nwá, láti Pánṣẹ́kẹ́, láti Òkè-Mosàn. Ẹ kú oòrùn, ẹ kú ìrìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣètò ìpàdé yìí, ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó rẹ̀ yín.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun kan ṣoṣo tó lè mú kóòdù èèyàn, ìyẹn àṣẹ tó ń kọ fún kọ̀ǹpútà, sàn sí i láìná kọ́bọ̀. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni nọ́ńbà. Nọ́ńbà tá a kàn jù sáàárín kóòdù tá ò sọ ohun tó jẹ́, èyí táwọn tó ń kọ kóòdù ń pè ní magic number. Ẹlòmíì á ní ṣé ìyẹn náà lọ̀rọ̀? Ọ̀rọ̀ ni o! Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn nọ́ńbà tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀ pọ̀ ju nọ́ńbà yẹn fúnra ẹ̀ lọ, ẹ̀yin nìkan lẹ sì mọ̀ ọ́n, tó bá wá ṣe díẹ̀ sí i, ẹ̀yin gan-an lè má rántí mọ́.

Kí ni 21 ń wá níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí gbogbo wa mọ̀. VAT tí wọ́n ń gbà lórí ọjà nílẹ̀ wa, 5% ni fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2020 ló di 7.5%. Ẹ rò ó wò, gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ rìsíìtì, láti Sókótó dé Èkó, ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn gbọ́dọ̀ yí i.

Ṣọ́ọ̀bù kan wà tí wọ́n ní kí n bá wọn wo sọ́fítíwià wọn lásìkò yẹn, mi ò ní dárúkọ wọn. Ẹni tó kọ ọ́ fún wọn ti ré kọjá sókè òkun, kì í gbé fóònù. Ọmọ tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ṣe, ó wá 0.05, bá a ṣe ń kọ 5% fún kọ̀ǹpútà, jákèjádò fáìlì, ó yí gbogbo ẹ̀ sí 0.075. Wọ́n tẹ rìsíìtì, ó pé, inú gbogbo wọn dùn, wọ́n padà sídìí òwò.

Nǹkan méjì ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Àkọ́kọ́, àwọn kọ́sítọ́mà tó ti pẹ́, tí ṣọ́ọ̀bù máa ń bá yọ 5% kúrò nínú owó wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í rí 7.5% gbà. Ọ̀gá ò pàṣẹ ẹ̀, akáǹtáǹtì ò gbọ́ sí i. 0.05 ti ẹ̀dínwó ló bá 0.05 ti VAT lọ. Èkejì ló wá le jù: rìpọ́ọ̀tù ìparí oṣù tí wọ́n fi ń mọ iye VAT tó wà nínú owó tó wọlé ò yí padà rárá, 5% ló ṣì ń bù. Wọ́n wá 0.05 títí, wọn ò rí i mọ́. Wọ́n wá 1.05, wọn ò rí i. Ìgbà tá a wá jókòó tá a ń ka kóòdù yẹn láti ìlà dé ìlà, ohun tá a bá níbẹ̀ rèé:

vat = total / 21

Ẹ wò ó dáadáa. 21! Kí ni 21 ń wá nídìí VAT? Ẹ bá mi ṣe é. Ọjà ₦20,000, a fi 5% lé e, ó di ₦21,000. VAT tó wà níbẹ̀ jẹ́ ₦1,000. Ẹ pín 21,000 sọ́nà 21, ₦1,000 náà lẹ máa rí. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó kọ ọ́ ò ṣi ìṣirò ṣe, ọpọlọ ẹ̀ pé, ó ti bá ìṣirò yẹn parí lórí kó tó tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ àlàyé ẹ̀ bá a wọ bàálù lọ. Nígbà tí VAT wá di 7.5%, ọjà ₦20,000 yẹn di ₦21,500, VAT ibẹ̀ di ₦1,500, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá pín 21,500 sọ́nà 21, bíi ₦1,024 lẹ máa rí. Rìsíìtì ń sọ ₦1,500, rìpọ́ọ̀tù ń sọ ₦1,024, owó ìjọba sì ni wọ́n ń kà kù yẹn o, ọ̀rọ̀ tó lè gbé èèyàn dé ọ́fíìsì àwọn agbowó-orí ni.

Ká ní ó kọ ọ́ báyìí ńkọ́?

VAT_RATE = 0.05
vat = total * VAT_RATE / (1 + VAT_RATE)

Ó gùn ju tàkọ́kọ́ lọ, àbí? Ó gùn, mi ò jiyàn. Àmọ́ ẹni tí ò rí ẹni tó kọ ọ́ rí láyé ẹ̀ máa kà á, á sì mọ ohun tó ń ṣe. Tí ìjọba bá yí i, ojúkan la máa dé, rìsíìtì á tẹ̀lé e, rìpọ́ọ̀tù á tẹ̀lé e, ẹ̀dínwó á dúró sáyè tiẹ̀ nítorí orúkọ tiẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ wo àwọn ìyá aládìrẹ wa ní Ìtòkú níbí. Ìyá tó mọṣẹ́ dunjú ò ní kàn wí fọ́mọọṣẹ́ pé bu ṣíbí mẹ́ta sí i, kó wá dákẹ́. Á ní sódà rèé, òun ló ń bá wa jẹ́ kí aró yọ́ sómi, bí omi bá pọ̀ o ní láti fi kún un. Lọ́jọ́ tí ọmọ yẹn bá wá ń dá ṣe tiẹ̀ nínú ike tó tóbi ju ti ìyá ẹ̀ lọ, ọwọ́ ẹ̀ ò ní gbọ̀n. Ọ̀pọ̀ kóòdù tí mò ń rí, "bu mẹ́ta sí i" ló kún inú ẹ̀.

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ìkejì, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń ta àwọn tó ti mọ̀ díẹ̀ lẹ́sẹ̀ nìyí. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Nọ́ńbà méjì lè jọra bí ìbejì kí wọ́n má bára wọn tan rárá.

Ẹ wo owó tí wọ́n ń yọ tẹ́ ẹ bá ṣe tíráńsífà. Nínú ìlànà tí CBN gbé jáde, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2020, tí owó tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ ò bá ju ₦5,000 lọ, báǹkì á gba ₦10, tó bá ti ju ìyẹn lọ tí ò kọjá ₦50,000, wọ́n á gba ₦25, tó bá ju ₦50,000 lọ, wọ́n á gba ₦50. Àmọ́ ₦50 kan tún wà níbòmíì, èyí tí ìjọba fi lé tíráńsífà tó bá ti tó ₦10,000. Ẹ wá sọ fún mi, ẹni tó bá ń kọ kóòdù èyí, tó rí 50 níbí, tó rí 50 lọ́hùn-ún, tó tún rí 50000 lápá kan, kí ló máa ṣe? Tó bá sọ méjèèjì di FEE = 50, ó ti so ìjọba mọ́ báǹkì lókùn kan náà. Lọ́jọ́ tí CBN bá ní kí báǹkì dín tiwọn kù, kóòdù yẹn á bá ìjọba dín tiẹ̀ kù láìgbàṣẹ. Orúkọ méjì ló yẹ kó wà níbẹ̀, TOP_BAND_FEE fún báǹkì, GOVT_LEVY fún ìjọba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 50 làwọn méjèèjì ń jẹ́ lónìí.

Ẹ jẹ́ n fi òmíràn kún un, torí èyí ni mò ń rí jù lọ́wọ́ ẹ̀yin ọ̀dọ́. Nọ́ńbà fóònù wa jẹ́ 11, ìyẹn iye díjíìtì inú ẹ̀. BVN jẹ́ 11. NIN jẹ́ 11. Wọ́n ti kọ́ ọmọ kan pé kó má kọ nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, ló bá kọ LENGTH = 11 sókè fáìlì, ó fi yẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò, ó rò pé òun ti ṣe dáadáa. Ọ̀gá ẹ̀ wá ní káwọn tó wà lókè òkun máa rí nọ́ńbà fóònù wọn tẹ̀ pẹ̀lú 234 níwájú, ìyẹn sì jẹ́ 13. Ọmọ yìí lọ yí LENGTH sí 13. Látọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tí BVN ẹ̀ wọlé mọ́!

Ṣé ẹ rí i báyìí, kí nọ́ńbà kan fara hàn níbi púpọ̀ kọ́ la fi ń mọ̀ pé ohun kan ṣoṣo ni. Ìbéèrè tí mo máa ń bi nọ́ńbà ni pé: ta ló láṣẹ láti yí ọ padà? Nọ́ńbà fóònù, ọwọ́ NCC, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ tẹlifóònù, ló wà. BVN, ọ̀dọ̀ CBN àtàwọn báǹkì ló ti wá. NIN, ti NIMC, àjọ tó ń fún wa ní nọ́ńbà ìdánimọ̀, ni. Ọ̀gá mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan ò ní bèèrè lọ́wọ́ èkejì kó tó yí tiẹ̀. Ọ̀gá mẹ́ta, orúkọ mẹ́ta. PHONE_DIGITS, BVN_DIGITS, NIN_DIGITS. Ó parí.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ

Ẹ̀kẹta, orúkọ wo la fẹ́ sọ ọ́? Torí ẹlòmíì á gbọ́ ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ yìí tán, á délé, á kọ FIFTY = 50. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ojú ló ti rí 50 tẹ́lẹ̀, kí ni FIFTY wá sọ fún wa? Tí owó yẹn bá wá di 100 lọ́la, ẹ máa kọ FIFTY = 100, kóòdù yín á di onírọ́ lójú ayé. Ohun tí nọ́ńbà wà fún ni kẹ́ ẹ fi sọ ọ́ lórúkọ, iye tó jẹ́ kọ́.

Ibì kan sì wà níbí tí mo fẹ́ ká dúró lé díẹ̀, ìyẹn ni òṣùwọ̀n. TIMEOUT = 30, ìyẹn iye àkókò tí kóòdù máa fi dúró kó tó jáwọ́. Orúkọ ni, àmọ́ 30 kí ni? Ìṣẹ́jú ni àbí ìṣẹ́jú-àáyá? Nínú Python, èdè kan tá a fi ń kọ kóòdù, time.sleep(3) á jẹ́ kí kóòdù sinmi fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Nínú JavaScript, èdè mìíràn, ẹ fi 3 sí setTimeout tó ń ní kí kóòdù dúró, tẹ́ ẹ bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sọ́nà ẹgbẹ̀rún, mẹ́ta péré nínú ẹ̀ ni, ojú yín ò tíì ṣẹ́ tó ti lọ. 3 kan náà o! Ọ̀rọ̀ owó náà nìyẹn, Paystack táwọn ọmọ wa ń lò láti gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kọ́bọ̀ ló fẹ́ kẹ́ ẹ fi iye owó ránṣẹ́ sóun, kì í ṣe náírà, ẹni tó bá fi 5000 ránṣẹ́, tó rò pé òun ń gba ₦5,000, ₦50 ló gbà yẹn. Torí náà ẹ kọ ọ́ mọ́ orúkọ: TIMEOUT_SECONDS, PRICE_KOBO, KOBO_PER_NAIRA = 100. Bí a bá dáṣọ fọ́lẹ, à á pa á láró. Tẹ́ ẹ bá ti fún nọ́ńbà lórúkọ, ẹ fún un ní òṣùwọ̀n ẹ̀ kún un.

Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n yìí ti gbé nǹkan ńlá lọ rí. NASA tilẹ̀ Amẹ́ríkà rán ọkọ̀ kan lọ sí Mars, Mars Climate Orbiter lorúkọ ẹ̀, oṣù Kejìlá ọdún 1998 ló gbéra. Sọ́fítíwià kan láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ Lockheed Martin ló ń ṣírò agbára tí ẹ́ńjìnnì kéékèèké inú ẹ̀ fi ń tì í, ó sì ń kọ nọ́ńbà náà jáde ní pound-force lọ́nà ìṣẹ́jú-àáyá. Àwọn tó gbà á ní NASA kà á bíi newton lọ́nà ìṣẹ́jú-àáyá. Òṣùwọ̀n agbára làwọn méjèèjì, pound-force kan sì tó newton 4.45. Nọ́ńbà ń kọjá láti fáìlì bọ́ sí fáìlì, kò sí èyí tó ń sọ ohun tóun jẹ́, àṣìṣe kékeré kékeré ń gorí ara wọn fún oṣù bíi mẹ́sàn-án. Ní September 23, 1999, ọkọ̀ yẹn dé Mars. Ó yẹ kó gba òkè tó ju kìlómítà 200 lọ kọjá, ohun tí wọ́n ṣírò lẹ́yìn náà ni pé bíi 57 ló gbà. Wọn ò gbúròó ẹ̀ mọ́ títí dòní. Mi ò sọ pé orúkọ nìkan ni ì bá gbà á là o, àkọsílẹ̀ wà láàárín wọn tó ní newton ni kí wọ́n lò, àwọn kan sì ti ń kíyè sí i lójú ọ̀nà pé ọkọ̀ ò rìn bó ṣe yẹ tí wọn ò sì tọpa ọ̀rọ̀ yẹn dópin. Àmọ́ ká ní òṣùwọ̀n wà lára orúkọ nọ́ńbà yẹn níbi tí wọ́n ti ń kà á, ojú ẹnì kan ì bá ti tó o.

Ṣé gbogbo nọ́ńbà la máa sọ lórúkọ wá ni? Rárá o. Ẹ má lọ kọ ZERO = 0. Tẹ́ ẹ bá ń ka nǹkan láti 0, tẹ́ ẹ fi 1 kún un, tẹ́ ẹ fi 2 pín nọ́ńbà láti mọ̀ bóyá ó ṣeé pín dọ́gba, gbogbo ayé mọ ìyẹn. Checkstyle tó ń bá àwọn oní-Java ṣọ́ irú nọ́ńbà yìí, ó ti fojú fo -1, 0, 1 àti 2 láti ilé wá. Èyí tó ti lórúkọ lọ́dọ̀ èdè fúnra ẹ̀, ẹ lo orúkọ yẹn, Python ní math.pi, ẹ má tẹ 3.14 mọ́. Èyí tí ìṣirò ẹ̀ ń ṣàlàyé ara ẹ̀, ẹ jẹ́ kó ṣàlàyé: 24 * 60 * 60 yéèyàn kíákíá ju 86400 lọ, kọ̀ǹpútà ò ní kérora nítorí ẹ̀.

Orúkọ máa ń bi wá ní ìbéèrè

Apá yìí ni mo fẹ́ràn jù. Nígbà tí 0.05 ṣì wà níhòòhò, kò sí ìbéèrè kankan níbẹ̀. Gbàrà tẹ́ ẹ bá pè é ní VAT_RATE, ìbéèrè dé: VAT ti ìgbà wo? Kọ́sítọ́mà ra ẹ̀rọ ìlọta ní January 2020, ó dá a padà ní February, èló lẹ máa dá padà fún un? 5% ló san. Tí kóòdù yín bá ní VAT_RATE = 0.075 nìkan, owó tí ò san lẹ máa dá padà fún un. Kọ́nsítáǹtì ni nǹkan tí kì í yí, VAT sì ń yí, ó kàn pẹ́ kó tó yí ni. Nítorí náà ibi tó yẹ kó wà gan-an ni tábìlì kan nínú dátábéèsì, tó ní iye àti ọjọ́ tí iye yẹn bẹ̀rẹ̀, kí rìsíìtì kọ̀ọ̀kan máa wo ọjọ́ tiẹ̀. Àwọn tó ń tọ́jú owó oṣù òṣìṣẹ́ àti owó ilé ìwé, ẹ gbọ́ o, tiyín náà nìyẹn. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni máa ronú dé tábìlì yẹn nígbà tó bá ń wo / 21.

Èyí tí kì í yí ní tòótọ́, bíi kọ́bọ̀ 100 nínú náírà kan, ẹ jẹ́ kó jẹ́ kọ́nsítáǹtì. Java ní static final, JavaScript ní const, tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí i kóòdù á bá yín jà. Python ò ní bá yín jà ní tiẹ̀, lẹ́tà ńlá tá a fi ń kọ orúkọ yẹn, àdéhùn láàárín wa ni, ẹ bá wa pa á mọ́.

Tẹ́ ẹ bá délé

Ẹ má ṣí kóòdù ọdún mẹ́ta kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ tún gbogbo ẹ̀ ṣe lóru ọjọ́ kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí owó, kẹ́ ẹ tẹ̀lé e pẹ̀lú àkókò, torí ibẹ̀ ni nǹkan ti ń bàjẹ́ jù. Ẹ mú nọ́ńbà kan, ẹ fún un lórúkọ, ẹ má fọwọ́ kan iye ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ dán kóòdù wò, kí èsì ẹ̀ jẹ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ pamọ́ sínú git, ibi tá a ti ń pa ẹ̀dà kóòdù mọ́, kẹ́ ẹ tó kan òmíràn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí iye, ọjọ́ mìíràn nìyẹn, kí ẹni tó bá ń yẹ iṣẹ́ yín wò lè mọ èyí tó jẹ́ orúkọ lásán àti èyí tó kan owó èèyàn.

Ẹ máa bá nọ́ńbà kan pàdé tẹ́ ẹ ò ní mọ̀dí ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má fi àbá sọ ọ́ lórúkọ. Nọ́ńbà tí ò lórúkọ, èèyàn á ṣì máa ṣọ́ra fún un, ṣùgbọ́n èyí tó ní orúkọ èké, gbogbo ayé á gbà á gbọ́. Ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pé a ò tíì mọ ìdí èyí, kẹ́ ẹ wá lọ bèèrè, abéèrè kì í ṣìnà. Ẹ bi akáǹtáǹtì, ẹ bi ẹni tó ń tajà, ẹ wá ẹni tó kọ ọ́ kàn nígbà tó ṣì ń gbé fóònù.

Mo ti ní kí wọ́n gbé kóòdù kan sójú ògiri yìí, ti owó ilé ìwé ni, mi ò ní sọ ilé ìwé náà. 0.4 wà ní ìlà kẹsàn-án, 14 wà nísàlẹ̀ ẹ̀, 40 tún wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ fún ara yín ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹni méjì méjì, ẹ wò ó bóyá 40 yẹn bá 0.4 tan àbí kò bá a tan, kẹ́ ẹ tó sọ èyíkéyìí lórúkọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ọ̀dọ̀ yín la ti máa kọ́kọ́ gbọ́.